Ẹni Tó Ń Ra Ariwo ní Òkè Fìà

Ohun tó kọ́kọ́ ya Kifayat lẹ́nu nípa ìpè náà ni pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Àwọn tí wọ́n máa ń pe èèyàn láti ta ọjà lórí fóònù, ariwo kì í tán lẹ́yìn wọn. Èèyàn á gbọ́ tí ẹlẹgbẹ́ wọn ń kí oníbàárà tirẹ̀, á gbọ́ fáànù, á gbọ́ ẹni tó ń fa àga lórí sìmẹ́ńtì. Eléyìí ò ní ọ̀kankan níbẹ̀. Ńṣe ni ohùn náà dá wà, bí ẹni tó ki orí bọ inú ìkòkò òfìfo tó wá ń sọ̀rọ̀. Kò jọ ti ọkùnrin, kò jọ ti obìnrin, Kifayat ò sì gbọ́ kó mí.

"Ẹ káàsán mà," ni ó wí. "Ìṣẹ́jú kan péré la fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín."

Inú Kifayat dùn. Bẹ́ẹ̀ ni o, inú rẹ̀ dùn! Bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá wọlé sí ẹlòmíràn, á rojú, á ṣépè, á pa fóònù. Kifayat ò jọ wọ́n. Ẹja inú yìnyín ló ń tà ní Òkè Fìà, ní Òṣogbo, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn láyé bíi kó máa ná ọjà. Bí ọ̀sán bá pọ́n, tí ẹsẹ̀ oníbàárà dá, àwọn olùpè wọ̀nyí ni eré rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ etí òkun fún un, á bi í bóyá wọ́n máa bá òun gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó ní kó ra orin sórí fóònù, á ní kó kọ́kọ́ kọ ọ́ kí òun gbọ́. Ẹni tó ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, á ná an, á ná an, títí ẹ̀jẹ̀ olóògùn fúnra rẹ̀ á fi ru. Testimony, ọmọkùnrin tó ń gẹ irun ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀, a máa fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní gẹ̀ẹ́-ò-gẹ̀-tán kó lè wá gbọ́.

"Kí lẹ ń tà?" Kifayat bi ohùn náà. Ó ti fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ògiri kó lè fẹ̀yìn tì dáadáa.

"A ò tà, mà. A ń rà ni."

"Kí lẹ ń rà?"

"Ariwo."

Kifayat bú sẹ́rìn-ín. Jẹnẹrétọ̀ Testimony wà lẹ́yìn ògiri gan-an, ó ń bú ramúramù, ó sì ti ń bú bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. "Ọjà ti délẹ̀ nìyẹn! Ṣé ẹ gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń dún mọ́ mi létí yìí? Ẹ bá mi gbé e lọ. Ọ̀fẹ́ ni."

"A kì í gba ọ̀fẹ́, mà. Ẹ sọ ohun tí a máa san."

Kifayat ṣẹ́jú sí Testimony, tó ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́. "Ó dáa, ẹ máa gbé e lọ ná. Ọjọ́ tí mo bá bèèrè, ohun tí mo bá bèèrè ni ẹ máa san."

"A gbà bẹ́ẹ̀, mà. A ti rà á."

Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́ wẹ́lo.

"Epo ti tán!" Testimony sáré gba ẹ̀yìn lọ. Kò pẹ́ tó fi padà, ó rọra ń rìn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà nílé ìsìn. "Ìyá Ikhlas, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Kifayat tẹ̀ lé e. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó ń gbọ̀n rìrì lórí búlọ́ọ̀kù rẹ̀, èéfín ń jáde nídìí rẹ̀, iná sì tàn rekete nínú ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kò dún. Kifayat gbé ọwọ́ lé e, ó gbóná, ó ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Eṣinṣin kan fò kọjá, wọ́n sì gbọ́ ìyẹ́ rẹ̀ ketekete.

Ẹ̀rù bà á, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà ò tó ayọ̀ tó bá a. Ìdí rẹ̀ ni pé Kifayat bí ọmọ kan ṣoṣo, Ikhlas. Jibril, bàbá ọmọ náà, ni ládàánì mọ́sálásí àdúgbò kí àìsàn tó mú un lọ. Ohùn rẹ̀ máa ń dá ọlọ́kadà dúró lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó rántí ká ohùn náà sílẹ̀ nígbà tó wà láyé, ẹnu Ikhlas nìkan ló kù sí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí ọmọ náà bá ti ilé kéwú dé, á dúró ti fírísà, á máa ka ohun tó máa kà lọ́jọ́ wòlímọ̀ rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì di ojú. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, Jibril á wà láyé. Jẹnẹrétọ̀ yìí ló sì máa ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ikhlas ka Yásìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyá rẹ̀ ò sì pàdánù ẹyọ kan. Ó sunkún ayọ̀ títí ìborùn rẹ̀ fi tutù. Wòlímọ̀ ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì ń ṣe é bíi kí ó di ọ̀la.

Nígbà tí fóònù tún dún lọ́jọ́ kejì, kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ káàsán mà. Ìṣẹ́jú kan péré la fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín."

Lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan wà lẹ́yìn ohùn náà. Jẹnẹrétọ̀ ni. Ó ń bú lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á há, á ṣe bí ẹni tó fẹ́ húkọ́, á tún padà bọ̀ sípò, gẹ́gẹ́ bí ti Testimony ṣe máa ń ṣe. Ibẹ̀ ló yẹ kí Kifayat ti pa fóònù, àwa tí à ń gbọ́ ọ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló rí oníbàárà tó ń gba ìdọ̀tí ilé ẹni lọ, tó sì ní òun máa sanwó, tó lé e?

"Níbo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà gan-an?" ló bi í.

"Ìwàràjà, mà. Ní oríta, lábẹ́ irin."

"Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà! Abájọ tí ẹ fi mọ ọjà rà."

Ó ta ariwo ẹ̀rọ ata tó wà ní òdìkejì ọ̀nà fún wọn lọ́jọ́ náà, lórí àdéhùn àkọ́kọ́. Ata ń kúnná, ẹ̀rọ ò dún, ẹni tó ń lọ ata sì rò pé etí òun ló ti di. Testimony ń fò sókè, ó ń na ọwọ́ sí Kifayat bí ẹni tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá góòlù wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló dábàá èyí tó tẹ̀ lé e: ọkùnrin olóògùn eku tó máa ń gbé gbohùngbohùn kọ́ èjìká, tí kì í jẹ́ kéèyàn ronú.

"Ẹ mú un!" ni Kifayat wí nígbà tí ìpè wọlé. "Gbohùngbohùn rẹ̀ ni ẹ mú o, ẹ fi ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ọmọ ọlọ́mọ ni."

"A ti rà á, mà." Kò gé ìpè náà. Lẹ́yìn rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń bú, ata ń lọ̀, ẹnìkan sì ń pariwo eku àti aáyán. "Ọjà yín dáa, mà. A ti ń bá yín rà á bọ̀, ẹ ò sì tíì fi ènì sí i fún wa rí."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Kifayat ju gbogbo èyí tó ti gbọ́ lọ. Ènì! Ọlọ́jà wo ní Òkè Fìà ni wọ́n á bèèrè ènì lọ́wọ́ rẹ̀ tí á fọwọ́ lérán? Ẹlẹ́wà á bu ẹ̀kúnwọ́ sí i, ẹlẹ́pà á bu sí i, òun náà a máa ju orí ẹja kan sínú ọ̀rá láìwo ojú ẹni tó ń rà. Àwọn tó ń pe èèyàn lórí fóònù ò bèèrè irú rẹ̀ rí. Ó ṣe é bíi pé ẹni tirẹ̀ ni wọ́n. Ó ju ọwọ́ lójú òfuurufú bó ṣe máa ń ju orí ẹja.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ mọ ọjà! Ẹ mú èyí tó bá wù yín."

"A ti mú un, mà," ni ohùn náà wí, ó sì lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ikhlas dé láti ilé kéwú. Ó dúró níwájú ìyá rẹ̀, ó la ẹnu. Ètè rẹ̀ ń lọ, ahọ́n rẹ̀ ń yí, ọrùn rẹ̀ ń gbéra. Kò sí ohùn.

"Má fi mí ṣeré, Ikhlas."

Ọmọ náà mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó fi lé ọ̀fun ara rẹ̀. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka Kifayat, bí jẹnẹrétọ̀ ṣe gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Ó ń sunkún, omi ń dà, èjìká rẹ̀ ń sọ, kò sì dún rárá.

Ẹkún ìyá rẹ̀ ni gbogbo Òkè Fìà gbọ́.

Nọ́ọ̀sì tó yẹ ọ̀fun ọmọ náà wò ní kò sí ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Áfáà ilé kéwú gbàdúrà sí i lórí, ó sì ń wo ètè rẹ̀ bó ṣe ń ka Yásìn. Ojú áfáà kún fún omijé, nítorí ètè náà ò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Fóònù tí kì í sinmi wá dákẹ́ bí òkúta. Kifayat gbìyànjú láti pe nọ́mbà náà padà, wọ́n ní kò sírú nọ́mbà bẹ́ẹ̀. Ó jókòó ti fírísà, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá yà pé òun ti fi Jibril ṣe ènì.

Bàbá Amos, tó ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, wà lára àwọn tó yà. Ọmọ Ìpẹrindó ni, àgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó ti pẹ́ ní Òṣogbo ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, aṣọ ló ń rù káàkiri abúlé, tí á tà á láwìn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò sì sọ pé irọ́ ni.

"Kí ni wọ́n san fún ẹ?"

"Wọn ò tíì san nǹkan kan, Bàbá."

"Kín-ni?" Ojú bàbá náà là. Ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. "Wọ́n jẹ ẹ́ nígbà náà! Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi! Ènì ti lọ, a kì í gba ènì padà lọ́wọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n ọjà gan-an, wọn ò tíì san án. Kí lo ní kí wọ́n san?"

"Mo ní ohun tí mo bá bèèrè."

"Lọ bèèrè rẹ̀."

"Wọn ò pè mí mọ́, Bàbá."

"Ìwọ lo máa lọ bá wọn. Ìwọ náà á pè wọ́n títí á fi sú wọn." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì mú un padà di ọ̀dọ́ díẹ̀. "Òṣómàáló ni mí, uṣẹ́ tí mo fi kọ́ ulé yìí nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ra aṣọ mi tó ń fi òní dọ́la, èmi kì í bá a jà. Mo máa ń lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni. Má jókòó o. Tó o bá jókòó, o ti di àlejò, wọ́n á fún ẹ lómi. Má sì dìde. Tó o bá dìde, wọ́n á ní o ti ń lọ. Lóṣòó síbẹ̀, kí ojú ẹ wà lára ulẹ̀kùn."

Kifayat ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, Bàbá Amos tẹ̀ lé wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Iléṣà, wọ́n wọ òmíràn níbẹ̀ títí dé Ìwàràjà.

Oríta náà kún fún èèyàn. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Àkúrẹ́ ń fọn fèrè, àwọn ọmọdé ń polówó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Kò sí ọ́fíìsì. Àfi òpó irin gíga kan tó wà nínú igbó, tó jìnnà díẹ̀ sí ọ̀nà, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ìpè fóònù. Ó ti dípẹtà látòkè délẹ̀, kò sí wáyà kankan tó dé ìdí rẹ̀.

Wọ́n ya síbẹ̀. Ewé gbígbẹ ni wọ́n ń tẹ̀, ó kọ́kọ́ ń dún, ó wá dín kù, lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Kifayat bojú wẹ̀yìn. Ọkọ̀ ńlá kan ń kọjá, awakọ̀ fi gbogbo ọwọ́ tẹ fèrè, Kifayat ò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá Amos la ẹnu, ó ń sọ̀rọ̀, ó wá rí i pé òun ń fi àkókò ṣòfò. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ìdí irin.

Kifayat lóṣòó síbẹ̀. Ó fi fóònù lé orúnkún, ó sì tẹjú mọ́ irin náà. Oòrùn kúrò lókè orí rẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Itan rẹ̀ ń jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri, kò jókòó, kò sì dìde. Ikhlas dì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Fóònù dún. Nínú gbogbo ibẹ̀, òun nìkan ló dún.

"Ẹ káàsán mà..."

"Ẹ san ohun tí ẹ rà!" ni Kifayat wí. Ohùn rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n inú fóònù nìkan ló ti gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ohùn náà, ọjà ńlá kan ń ná. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, àti ata, àti olóògùn eku. Ewúrẹ́ ń ké, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń lù, àwọn èèyàn tí Kifayat ò mọ̀ rí ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń húkọ́, wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ọmọ kan ń ka Yásìn.

"A máa pè yín padà lọ́la, mà."

"Mo ti lóṣòó síbí."

"Ọ̀gá wa ò sí nílé, mà."

"Mo máa dúró dè é."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ wa dí. Ẹ gé ìpè yìí."

Inú Kifayat, pẹ̀lú gbogbo ìbẹ̀rù rẹ̀, ò lè ṣe kó má dùn. Ta ló rò pé ọjọ́ kan á wà tí àwọn olùpè á máa bẹ ẹni tí wọ́n pè? Ó fi ohùn bọ oyin. "Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín."

Ohùn náà gé ìpè. Fóònù tún dún lójú ẹsẹ̀, bí ẹni pé lílóṣòó Kifayat ló ń fa ìpè náà padà. Wọ́n gé e, ó tún dún. Wọ́n gé e, ó tún dún. Níkẹyìn, ohùn náà ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó mí, ó sì mí kanlẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ ká san?"

"Ohùn ọmọ mi, Ikhlas, ọmọ Jibril. Kó pé."

"A ti san án, mà. Ọjà ti tán láàrin wa. Ó sì yẹ kí àwa náà fi ènì sí i fún yín."

"Màmi!" Ikhlas kígbe lẹ́yìn rẹ̀.

Kifayat ju fóònù sọnù. Ó yí padà, ó di ọmọ rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò mọ èyí tó ń ṣe mọ́. Ohun tí ẹnu gbogbo ẹni tó bá gba ènì ti mọ́ sì bọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láìronú: "Ẹ ṣeun o! Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun!"

Fèrè ọkọ̀ bú lójú títì. Bàbá Amos ń jó lórí ewé gbígbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dún. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Ikhlas sùn lé ìyá rẹ̀ láyà. Kifayat gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọ́ kó mí. Ó jí i pẹ̀lú ìpayà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun jẹun yó, òun fẹ́ sùn. Ìyá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ọjọ́ wòlímọ̀ wá pé. Wọ́n ta kánópì sí iwájú ilé kéwú, gbogbo Òkè Fìà sì tú jáde. Ikhlas wọ funfun. Ó ka Yásìn, Jibril sì jáde lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ó tàn kálẹ̀ lórí gbogbo àdúgbò. Àwọn arúgbó tó mọ Jibril káwọ́ lérí. Testimony, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ayọ̀ tó wà láyà Kifayat pọ̀ débi pé ó ń dùn ún.

Áfáà ní kí ọmọ náà fi gbohùngbohùn dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò. Ikhlas gbà á. Ó wo gbogbo wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàsán o," ni ó wí, ohùn náà ò jọ ti ọkùnrin, kò jọ ti obìnrin. "Ìṣẹ́jú kan péré la fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín."

Ó dùn mọ́ wọn! Wọ́n rò pé ọmọ náà ń ṣàwàdà. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì pa ohùn pọ̀: "Ẹ gbà á!"

Kifayat ti dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi gbogbo agbára kígbe pé kí wọ́n má dáhùn. Kò gbọ́ ara rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹnu àwọn èèyàn ṣì là fún ẹ̀rín, àtẹ́lẹwọ́ ń pàdé àtẹ́lẹwọ́, kánópì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Kò sí èyí tó dún.

Bàbá Amos nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde láti ìlà ẹ̀yìn, ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá títí ó fi dé iwájú Ikhlas. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ẹnu ọmọ náà bí ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn onígbèsè, ó sì rọra lóṣòó.